“Bẹ́ẹ̀ ni” kan ní kíláàsì sáíkọ́lọ́jì ti ilé ẹjọ́

Ní sáà kejì ẹ̀kọ́ oyè másítà mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wa pín wa ní méjì-méjì, ó ní kí ẹnì kan ṣe ọlọ́pàá, kí ẹnì kejì sì ṣe ẹlẹ́rìí tí ó ti wo fídíò kúkurú kan nípa olè tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọkùnrin onísùúrù kan tí kò fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀ rárá, bi mí ní ìbéèrè bí ogún, ó sì ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, mo gbọ́ pé mo ti jẹ́rìí pé mo rí ọkùnrin náà nígbà tí ó ń jáde. N kò rí i, n kò sì ní in lọ́kàn láti sọ pé mo rí i. Bí a bá túmọ̀ ìbéèrè tí ó bi mí, ohun tí ó wí ni pé, “O kò rí i nígbà tí ó jáde?” Èmi sì dá a lóhùn pé “Yes.”

Ẹni tí ó bá ti ń sọ Yorùbá láti kékeré yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Bí ẹnì kan bá bi mí pé, “Ṣé o kò tíì jẹun?”, tí n kò sì tíì jẹun lóòótọ́, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn mi, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ẹ ti wí i gan-an ni ó rí. Bí mo bá ti jẹun, n óò ní “Rárá o, mo ti jẹun.” Ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè sọ ni ìdáhùn wa ń tẹ̀ lé, yálà kí a gbà á tàbí kí a kọ̀ ọ́. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ìdáhùn tiwọn ń tẹ̀ lé, nítorí náà “yes” lẹ́nu wọn, mo jẹun ni, mo rí i ni, mo wà níbẹ̀ ni. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, òun náà ni mo fi gboyè àkọ́kọ́, síbẹ̀ nígbà tí ìbéèrè ń yá lé ara wọn lórí, èdè ìyá mi ni ó dáhùn láti ẹnu mi. Nínú kíláàsì, a tún un ṣe, a sì tẹ̀ síwájú. Ní téṣàn ọlọ́pàá, ìwé tí mo fọwọ́ sí nìyẹn ì bá jẹ́.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni forensic psychology. Sáíkọ́lọ́jì ti ilé ẹjọ́ ni èmi máa ń pè é fún àwọn ará ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe é ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ewu tí ó wà nínú dídá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, tí wọ́n sì ń darí ètò tí yóò mú kí ó má padà sínú ìwà ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ wa ni kí á tẹjú mọ́ ènìyàn kí á sì mọ̀ bóyá irọ́ ni ó ń pa. Kò sí ẹni tí ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Charles Bond àti Bella DePaulo kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ ní 2006, wọ́n rí i pé bí a bá ní kí ènìyàn ya irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́, ìdá 54 nínú 100 ni ó ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá kàn sọ owó ẹyọ sókè yóò gba nǹkan bí 50. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ Yorùbá lẹ́nu wò rántí èyí, nítorí pé nílé wa, ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ àgbà tí ó ń bá a wí, aláfojúdi ni. Ẹni tí ó bá wolẹ̀ ni ó ní ẹ̀kọ́. Ní ibòmíràn, wíwolẹ̀ náà ni wọ́n ń kà sí àmì ẹ̀bi.

Fún àwọn tí ó ń ronú láti gba ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí kò yé mi kí n tó dé ibí: oyè másítà nìkan kò sọ ènìyàn di forensic psychologist nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin dáàbò bo orúkọ náà, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé HCPC, àjọ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, nìkan ni ó lè jẹ́ ẹ. Kí ènìyàn tó débẹ̀, oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú sáíkọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí British Psychological Society tẹ́wọ́ gbà, yóò gba oyè másítà tí wọ́n fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ni yóò ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún méjì lábẹ́ àbójútó onímọ̀ tí ó ti dàgbà nínú iṣẹ́. Ẹ wádìí nípa oyè àkọ́kọ́ yín kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́, ìjẹ́wọ́ ni ó gba ọkàn mi jù, pàápàá ìjẹ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí kò ṣeé fò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Gisli Gudjonsson, ọmọ ilẹ̀ Iceland tí ó ṣe ọlọ́pàá ní Reykjavík kí ó tó di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní London. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó fi ọ̀rọ̀ wá ọkùnrin kan lẹ́nu wò nítorí pọ́ọ̀sì obìnrin kan tí wọ́n ní ó sọnù. Ọkùnrin náà a máa mutí débi pé kì í rántí ohun tí ó ṣe ní alẹ́ àná. Ó gbà pé òun ni òun jí pọ́ọ̀sì náà. Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà rí pọ́ọ̀sì rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí. Kò sẹ́ni tí ó jí nǹkan kan.

Ní 1984, Gudjonsson gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi ń wo bí ó ti rọrùn tó láti fi ìbéèrè gbin ọ̀rọ̀ sí ènìyàn lọ́kàn. A óò ka ìtàn kúkurú kan sí ẹni náà létí, a óò ní kí ó sọ ohun tí ó rántí, lẹ́yìn náà a óò bi í ní ìbéèrè 20. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ni ó ń tọ́ka sí ohun tí kò sí nínú ìtàn náà rárá. Ìyẹn ni apá kìíní. Apá kejì ni ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: olùyẹ̀wò yóò fi ohùn tí ó le díẹ̀ sọ fún ẹni náà pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, pé kí á tún ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀, kí ó sì gbìyànjú láti ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. A óò wá ka iye ìdáhùn tí ó yí padà, pẹ̀lú èyí tí ó jẹ́ òótọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹgba níbẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n, ohùn líle díẹ̀ lásán ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Gudjonsson tún ya ohun mìíràn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí. Ẹnì kan lè gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ẹlòmíràn kò sì ní gbà á gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n yóò fi ẹnu gbà á kí wàhálà lè tán, tàbí nítorí pé kò lè wo ojú ẹni tí ó jù ú lọ kí ó ní “rárá.” Ẹni kejì yìí ni mo mọ̀ dáadáa.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí owó àjọ ìyá mi sọnù nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Owó olówó ni, obìnrin bí ogún ni ó dá a jọ, ọjọ́ kejì ni ẹni tí ó kàn yóò wá kó o. Wọ́n ní kí àwa ọmọ kúnlẹ̀ kí á na ọwọ́ sókè. Àbúrò bàbá mi ni ó ń bi wá léèrè, ó sì ń tún òwe kan náà pa, pé ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó pẹ́. Apá ń ro mí, ìyá mi sì ń sunkún ní yàrá, mo sì rò pé bí ẹnì kan bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹkún náà yóò dáwọ́ dúró. Mo ní, “Èmi ni. Ẹ má bínú.” Wọ́n bi mí pé kí ni mo fi owó náà ṣe, mo ní mo fi ra bisikíìtì àti súìtì, mo tilẹ̀ dárúkọ ìsọ̀ tí mo ti rà á. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyá mi tú aṣọ òkè tí ó ká sínú àpótí, owó náà sì já bọ́ láti inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi jẹ́wọ́. Ìyá mi fi ẹran ńlá sí oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì dárúkọ owó náà létí mi mọ́.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo ka ìwé tí Saul Kassin àti Lawrence Wrightsman kọ ní 1985, níbi tí wọ́n ti pín ìjẹ́wọ́ èké sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ṣe láìsí ẹni tí ó bi í, èyí tí ó ṣe kí ìnira lè dópin, àti èyí tí ó ṣe nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà gbọ́ pé òun jẹ̀bi. Oríṣi kejì ni tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1996, Kassin àti Katherine Kiechel kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, lẹ́yìn náà wọ́n mú kí kọ̀ǹpútà náà kú, wọ́n sì fẹ̀sùn kan wọ́n pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tí ó tẹ̀ ẹ́ nínú wọn. Ìdá 69 nínú 100 ni ó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn tẹ̀ ẹ́.

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tètè gba irú ìmọ̀ yìí wọlé. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tí ó dún ní Guildford ní oṣù Kẹwàá 1974, wọ́n dá ènìyàn mẹ́rin lẹ́bi ní 1975 lórí ohun tí wọ́n jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sì ni Carole Richardson, ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí bọ́ǹbù náà dún. Gudjonsson àti dókítà James MacKeith yẹ̀ ẹ́ wò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní 1986. Ọdún 1989 ni wọ́n tó dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ohun tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn gan-an ni pé wọ́n rí i pé àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn ọlọ́pàá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yẹ kí á sọ èyí kí á má baà fún sáíkọ́lọ́jì ní oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹjọ́ tí ó jẹ́ ti sáíkọ́lọ́jì ní tòótọ́ ni ti Engin Raghip, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n mú lẹ́yìn tí wọ́n pa ọlọ́pàá kan ní Broadwater Farm, ní Tottenham, ní 1985. Kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ àwọn agbefọ́ba ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi náà, ó sì sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rí onímọ̀ nítorí pé òṣùwọ̀n ọpọlọ (IQ) olùjẹ́jọ́ ga díẹ̀ ju iye kan báyìí lọ. Ènìyàn lè má jẹ́ arìndìn, kí ó má sì ya wèrè, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni tí kò lè dúró níwájú ìbéèrè.

Níbí ni mo ti máa ń ronú nípa ilé. Òfin wa mọ ọ̀nà wèrè dáadáa. Abala 28 nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, tilẹ̀ fẹ̀ ju òfin M’Naghten lórí wèrè ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1843 lọ, nítorí pé ó ro ti ẹni tí àìsàn ọpọlọ gba agbára àtikó ara rẹ̀ níjàánu lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ lè béèrè ìròyìn dókítà láti Àrò tàbí Yaba, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó ṣe ohun àjèjì. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bà á tàbí tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé àgbà kì í ṣe ẹni à ń já nírọ́, ni n kò rí ọ̀nà tí ó gbòòrò fún.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Abala 29 nínú Evidence Act ti 2011, òfin wa lórí ẹ̀rí, sọ pé bí olùjẹ́jọ́ bá ní wọ́n fi ipá gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu òun, agbefọ́ba ni yóò fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, adájọ́ yóò sì ṣe ìgbẹ́jọ́ kékeré nínú ìgbẹ́jọ́ ńlá láti yanjú rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú lọ́yà tí afurasí yàn. Ti ìjọba àpapọ̀ ti 2015 fi kún un pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì kà á fún un títí yóò fi yé e. Ohun dáradára ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìfipá ni ojú òfin ń wá, ìyẹn ẹgba, ìhàlẹ̀, ìlérí. Kò sí ẹni tí ó gbá mi ní ẹgba ní ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ pé mo jí owó àjọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan péré. Abala 28 nínú Evidence Act náà túmọ̀ ìjẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sọ tí ó fi hàn, tàbí tí ó mú kí á rò, pé òun ni ó dá ọ̀ràn náà. Nísinsìnyí, kí ni à ń ṣe pẹ̀lú “ẹ má bínú”? Yorùbá a máa fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀, a sì máa fi tu ẹni tí inú ń bí nínú kí á tó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Bákan náà ni “pẹ̀lẹ́”, tí à ń kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ lójú títì, tí ó sì máa ń di “sorry” bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tí ó bá sọ fún ìyá ẹni tí ó kú pé “I am sorry, ma, I am very sorry” níwájú ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá a kẹ́dùn ni, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé ohun tí yóò wọ inú ìwé nìyẹn. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ “ẹ ṣàánú mi” sí “forgive me”, ó ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kan kún ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé àwọn ilé ẹjọ́ wa máa ń béèrè fún ọ̀rọ̀ ti èdè tí olùjẹ́jọ́ sọ gan-an pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí.

Kódà ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún afurasí kí wọ́n tó bi í ní ohunkóhun le fún ẹni tí a bí sínú èdè náà. Kò pọn dandan kí o sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe ìpalára fún àwíjàre rẹ bí o kò bá mẹ́nu kan ohun tí o padà gbára lé ní ilé ẹjọ́ nígbà tí a bi ọ́. Ohun tí o bá sì sọ lè di ẹ̀rí. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún iṣẹ́ àṣetiléwá, gbólóhùn àárín yẹn gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko, nítorí “kò” àti “bí” tí ó há síbẹ̀.

Ìwádìí oyè másítà mi ti ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá. Mo fẹ́ kó àwọn tí ó dàgbà sínú èdè Yorùbá tí wọ́n sì ń gbé ní London jọ, kí wọ́n wo fídíò kan, kí n sì bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, ní Yorùbá lápá kejì, kí ìdajì ìbéèrè náà ní “kò” nínú. Ìgbìmọ̀ tí ó ń wo ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń lò fún ìwádìí ti fọwọ́ sí i. N kò ní lè fi àbájáde rẹ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ kankan pé lágbájá jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, iṣẹ́ wa kọ́ nìyẹn, adájọ́ àti ìgbìmọ̀ onídàájọ́ (jury) ni ó ni ín. Onímọ̀ tí ó wá jẹ́rìí, ilé ẹjọ́ ni ó wá sìn, kì í ṣe ẹni tí ó san owó rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí ó wà nínú ìwé yìí lè ní ìtumọ̀ méjì, kí ẹ béèrè síi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá mi lórí fóònù láti fi ìbéèrè ti Yorùbá dán an wò, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti fi fídíò náà hàn án. Ó fara balẹ̀ dáhùn títí a fi dé ìbéèrè keje.

Mo ní, “Màámi, ẹ kò rí àpò lọ́wọ́ obìnrin náà?”

Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni báwo, Màámi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, n ò rí i. Ṣé kì í ṣe ohun tí o bi mí nìyẹn?”

Mo padà sínú ìwé ìbéèrè mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì kọ ìlà kan sí abẹ́ gbogbo ìbéèrè tí ó ní “kò” nínú, fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá mi béèrè rẹ̀: bí ẹni náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ odindi ohun tí ó rí lẹ́nu ara rẹ̀.